Gbígbé jíìpù sókè fún ọ̀nà oko: bẹ́ ẹ ṣe máa tún sítíárìn àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe kó má di wàhálà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní 4Runner, Prado, Pathfinder, Land Cruiser, tẹ́ ẹ sì ń gba ọ̀nà oko lọ sí Bùnú tàbí inú ìgbèríko Yàgbà, ẹ ò nílò kí n máa ṣàlàyé ìdí téèyàn fi ń fẹ́ kí ọkọ̀ òun ga. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ọ̀nà amọ̀ á ya, ipa táyà àwọn ọkọ̀ tó ń kó gẹdú á jìn wọnú ilẹ̀, àpáta abẹ́ ẹ̀ á yọrí síta, bẹ́ ẹ bá sì gbé ọkọ̀ tó wálẹ̀ gba ibẹ̀, abẹ́ ẹ́ńjìnnì lẹ máa gbọ́ tó ń ha ilẹ̀. Ọkọ̀ gíga dáa níbẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á lọ bá wẹ́dà, wọ́n á jó irin mọ́ ibi tí spíríǹgì ń jókòó sí, tàbí kí wọ́n ki rọ́bà sáàárín spíríǹgì, tàbí kí wọ́n ra spacer ńlá, irin tó ń ti ṣọ́ọ̀kù sísàlẹ̀, kí wọ́n dè é mọ́ orí ṣọ́ọ̀kù, wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ fún ọlọ́kọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan sítíárìn, alaìnmẹ́ńtì, ìyẹn títo igun táyà, pàápàá wọn ò ní ṣe. Ọjọ́ kejì ó ti ń sá 120 lọ sí Lọ́kọ́ja, tírélà sìmẹ́ǹtì ń bọ̀ láti Obajana níwájú ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì wà lórí sítíárìn tí kì í padà sáàárín fúnra ẹ̀ mọ́, tó jẹ́ pé gbogbo ihò kékeré ló ń fà á sápá kan. Gíga ọkọ̀ àti sítíárìn, iṣẹ́ kan náà ni. Bẹ́ ẹ bá sún ọ̀kan, èkejì ti sún nìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá a padà síbi tó yẹ kó wà.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu bó ṣe máa ga tó

Lójú tèmi, 2 ínṣì ti tó fún ọ̀nà wa. Láti 2 sí 2.5, ọ̀pọ̀ jíìpù ló ṣì máa gba alaìnmẹ́ńtì láìjẹ́ pé ẹ pààrọ̀ gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Tó bá ti ń lọ sí 3 níwájú, ẹ ti bọ́ sínú owó ńlá nìyẹn: upper arm (apá òkè tó di táyà mú) tuntun, CV joint (oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà) tó ń tètè kú, rọ́bà ẹ̀ tó ń ya lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tó ga gan-an ń wu ojú, àmọ́ ẹ ronú nípa ẹni tó máa wà nínú ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Tó bá jẹ́ axle gbọọrọ ni ọkọ̀ yín ní, ìyẹn irin kan ṣoṣo láti táyà dé táyà, spíríǹgì gíga ò gbé dífáránṣà, àpótí gíà tó wà lára axle náà, sókè rárá o. Ṣáńsí àti ara ọkọ̀ ló gbé, dífáránṣà ṣì wà níbi tó wà, táyà tó tóbi nìkan ló lè gbé e kúrò nílẹ̀. Ìyẹn náà sì kéré ju bí èèyàn ṣe ń rò lọ: táyà 265/70R16 ga tó nǹkan bí 777 mílímítà, 265/75R16 ga tó 804, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 27, ìdajì ẹ̀ nìkan ló máa kan abẹ́ dífáránṣà, ìyẹn bíi 13 mílímítà péré. Táyà tó tóbi yẹn á sì jẹ́ kí speedometer máa pa irọ́ díẹ̀, tó bá kọ 100, ẹ ti ń sá tó 103. Nítorí náà ẹ wo ibi tó ń kanlẹ̀ gan-an kẹ́ ẹ tó náwó. Tó bá jẹ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì àti ẹnu bọ́m̀pà ló ń kàn, spíríǹgì ló máa ràn yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ dífáránṣà ẹ̀yìn ló ń wa ilẹ̀ láàárín ipa táyà, táyà ni kẹ́ ẹ lọ rà.

Ẹ mọ irú ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yín

4Runner ti 1996 sí 2002, Prado 90 àti 120, apá méjì ló wà níwájú wọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, ṣọ́ọ̀kù wà nínú spíríǹgì, rack, ọ̀pá sítíárìn tó ń sún sọ́tùn-ún sósì, ló sì ń darí táyà. Land Cruiser 100 tó jáde ní 1998, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, torsion bar ló gbé iwájú ẹ̀, irin gígùn tó ń lọ́. Land Cruiser 80 àti Nissan Patrol Y60 pẹ̀lú Y61, axle gbọọrọ pẹ̀lú spíríǹgì ló wà níwájú wọn, àpótí sítíárìn àti drag link, ọ̀pá tó ń gbé ìdarí láti àpótí náà lọ sí táyà, ló ń darí wọn. Highlander, Lexus RX, RAV4, CR-V, àwọn yẹn ò ní ṣáńsí tó dá dúró, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó gbé wọn ju 1 ínṣì lọ, CV joint wọn ò lè gbà á.

Torsion bar ni mo ti rí i tí wọ́n ń fìyà jẹ ọkọ̀ jù, torí kò ná wọn ní kọ́bọ̀, spánà kan ni wọ́n á fi yí bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ẹ̀, ọkọ̀ á dìde. Wọ́n á yí i títí apá á fi sinmi lórí rọ́bà ìdádúró rẹ̀. Tó bá ti débẹ̀, táyà ò ní àyè láti sọ̀kalẹ̀ wọ ihò mọ́, gbogbo ihò á wá máa gbá yín lẹ́yìn bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín apá àti rọ́bà yẹn, kí ṣọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ bá rà sì gùn tó gíga tuntun náà.

Ohun tó ti gbó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ná

Má gbé ohun tó ti gbó sókè. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti sáré ní Amẹ́ríkà, tó tún wá sáré níbí, bọ́ṣì inú apá ẹ̀ lè ti já láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ ariwo kankan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sókè báyìí, igun gbogbo nǹkan á yí, ohun tó ń fara dà á á jáwọ́.

4Runner 1996 sí 2002 yẹn, ẹ fojú sí lower ball joint ẹ̀ dáadáa, ìyẹn oríkèé tó so apá ìsàlẹ̀ mọ́ knuckle, irin tí táyà dúró lé. Bí wọ́n ṣe tò ó, ẹrù ọkọ̀ ń fa ball joint yẹn ya ni, kì í ṣe pé ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà ọjọ́ tó bá gbó tán, ńṣe ló máa yọ bọ́, táyà á dùbúlẹ̀ sábẹ́ fẹ́ńdà, ọkọ̀ á fi imú gbá ilẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: ẹ gbé ọkọ̀ kí táyà kúrò nílẹ̀, ẹ ki irin gbọọrọ sáàárín apá ìsàlẹ̀ àti knuckle, kí ẹnì kan máa fi tẹ̀ ẹ́ sókè sódò, kí ẹlòmíì fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ball joint láti ìtòsí. Tó bá ń mì, kódà kó jẹ́ bí ìbú èékánná, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tí rọ́bà ẹ̀ bá ti ya tí iyẹ̀pẹ̀ pupa ti wọ inú gíríìsì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ náà, ẹ má dúró kó tó mì. Ojúlówó ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má wo iye owó ayédèrú. Kẹ́ ẹ sì lo bọ́ọ̀tì tuntun fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ di táyà mú lápá òsì àti ọ̀tún, ẹ mì í: tó bá ń dún kọ́kọ́, tie rod, ọ̀pá tó so rack mọ́ táyà, tàbí inú rack ni. Ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ mú, ẹ mì í: bẹ́rìn tàbí ball joint nìyẹn. Kí ẹnì kan tan ẹ́ńjìnnì, kó máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wo rack fúnra ẹ̀, tí ara rack bá ń rìn lórí ṣáńsí kí táyà tó yí, bọ́ṣì tó dì í mú ti lọ.

Ìwọ̀n, àti ààbò

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wọn láti àárín gbùngbùn táyà dé etí fẹ́ńdà, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má wọn ọ́n láti ilẹ̀, torí afẹ́fẹ́ inú táyà àti táyà tuntun á tàn yín jẹ. Ìwọ̀n yìí lẹ máa fi mọ̀ bóyá 2 ínṣì tí wọ́n ṣèlérí lẹ gbà lóòótọ́, àti bóyá apá kan ga ju èkejì.

Ẹ jọ̀ọ́, jáàkì nìkan ò tó. Ẹ fi stand irin sábẹ́ ṣáńsí, ẹ fi nǹkan dí táyà ẹ̀yìn, ẹ má lo búlọ́ọ̀kù, torí búlọ́ọ̀kù ń fọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Spíríǹgì tó wà lórí ṣọ́ọ̀kù sì ní agbára tó lè pa èèyàn, nọ́ọ̀tì àárín orí ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tú láìjẹ́ pé spring compressor tó dáa ti dì í mọ́lẹ̀. Okùn waya tàbí ṣéènì kì í ṣe compressor. Tí mẹkáníìkì yín ò bá ní in, ẹ ra ṣọ́ọ̀kù àti spíríǹgì tí wọ́n ti kó pọ̀ tán, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ní in.

Iwájú tó ní apá méjì

Spíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣe fún gíga yẹn dáa ju spacer lọ. Ìdí ẹ̀ ni pé spacer tó wà lórí ṣọ́ọ̀kù ń ti gbogbo ẹ̀ sísàlẹ̀, táyà á máa sọ̀kalẹ̀ ju bí CV joint àti ball joint ṣe fẹ́, nígbà tó bá sì tẹ̀ sókè, ṣọ́ọ̀kù lè kanlẹ̀ nínú kí rọ́bà ìdádúró tó gbà á. Tó bá jẹ́ spacer náà ni owó yín ká, ẹ rántí pé spacer 1 ínṣì lórí ṣọ́ọ̀kù 4Runner ń fún yín ní bíi 2 ínṣì ní táyà, torí ṣọ́ọ̀kù ò dúró sí ìpẹ̀kun apá, inú ló wà. Ẹni tó bá ra spacer 3 ínṣì torí pé ó fẹ́ 3 ínṣì ti kó ara ẹ̀ sí wàhálà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti gbé e sókè, ẹ tú linkage stabilizer, ọ̀pá kékeré tó di irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì mú, ní apá méjèèjì, tẹ́ ẹ bá tú ọ̀kan ṣoṣo, èkejì á máa bá yín jà. Ẹ tú ìdè hósì bíréèkì àti waya ABS kúrò lára knuckle kí wọ́n má bàa fà. Lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì mẹ́ta orí ṣọ́ọ̀kù, bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ yọ upper ball joint kúrò nínú knuckle kí àyè lè wà, ẹ fi wáyà so knuckle mọ́ ṣáńsí, má jẹ́ kó fi hósì bíréèkì rọ̀. Ẹ gbé tuntun wọlé.

Kí spíríǹgì tuntun tó wọlé o, nígbà tí apá ṣì ṣófo, ìdánwò kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ dá upper ball joint padà sínú knuckle, ẹ dè táyà padà, ẹ jẹ́ kí sítíárìn dúró gbọin láàárín, ẹ fi jáàkì gbé apá ìsàlẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè, ẹ máa wo iwájú táyà. Ẹ máa rí i pé láàárín gbùngbùn, táyà ò fi bẹ́ẹ̀ yí, àmọ́ bó ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀, imú táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sítíárìn. Ìdí ni pé tie rod àti apá ò rìn lójú ọ̀nà kan náà mọ́. Ibi tó ti ń yí yẹn gan-an ni ọkọ̀ tí wọ́n gbé ga jù ń gbé lójoojúmọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa já sọ́tùn-ún sósì tó bá wọ ihò. Ẹ sàmì sí ibi tí 2 ínṣì bọ́ sí, ẹ rí i pé kò tíì wọ ibi burúkú. Ìdánwò yìí yé awakọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Bọ́ọ̀tì tó gba inú bọ́ṣì rọ́bà kọjá, ẹ má fún un pa nígbà tí ọkọ̀ wà lókè. Ẹ kàn fi ọwọ́ mú un, ẹ sọ ọkọ̀ sílẹ̀ lórí táyà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè sódò kó jókòó, kẹ́ ẹ tó wá fún un. Tẹ́ ẹ bá fún un nígbà tí táyà ń rọ̀, rọ́bà inú bọ́ṣì á máa wà ní lílọ́ títí tó fi máa ya, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n á ní bọ́ṣì ayédèrú lẹ rà.

Ẹ yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun ọ̀tún àti òsì, ẹ wo bóyá upper arm ń kan spíríǹgì, bóyá táyà ń kan fẹ́ńdà tàbí ṣáńsí. Ẹ wo rọ́bà CV joint bóyá àwọn ìká ẹ̀ ń ha ara wọn. Àwọn kan máa ń fi spacer sọ dífáránṣà iwájú wálẹ̀ bíi 1 ínṣì kí igun CV lè rọ̀, mi ò kì í sáré ṣe é fún 2 ínṣì, torí gíga tẹ́ ẹ náwó lé lórí lẹ tún ń dá padà nísàlẹ̀. Àfi tí rọ́bà bá ń ya tàbí tó ń da gíríìsì.

Iwájú tó jẹ́ axle gbọọrọ

Níbí, caster ni olórí ọ̀rọ̀. Caster ni bí igun tí táyà ń yí lé lórí ṣe dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, òun ló ń dá sítíárìn padà sáàárín. Land Cruiser 80 jáde pẹ̀lú bíi dígírì 3, tẹ́ ẹ bá gbé e 2 ínṣì, apá gígùn tó di axle mú á yí axle síwájú, ó lè gba dígírì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, caster á fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Ọkọ̀ á wá máa rìn gbéregbère lójú ọ̀dà. Ohun tó ń tún un ṣe ni bọ́ṣì caster tí ihò ẹ̀ ò sí láàárín, tàbí pákó irin caster tó ń yí ibi tí apá ti di axle mú. Ẹ rà á pọ̀ mọ́ spíríǹgì lọ́jọ́ kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn panhard, ọ̀pá tó ń di axle mú láti ẹ̀gbẹ́. Torí pé ìpẹ̀kun kan ẹ̀ wà lára ṣáńsí tí èkejì wà lára axle, tí ṣáńsí bá gòkè, axle á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mílímítà díẹ̀. Panhard tó ṣeé fà gùn ló ń dá a padà. Sítíárìn náà á wọ́, ẹ tú ìdè drag link, ẹ yí àárín ẹ̀ títí sítíárìn á fi jókòó tọ́, ẹ má yọ sítíárìn kẹ́ ẹ tún un fi sí ibòmíì, torí àpótí sítíárìn gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀ gan-an.

Ẹ fetí sí èyí: drag link àti panhard gbọ́dọ̀ tẹ́ bákan náà, kí wọ́n máa tẹ̀lé ara wọn. Tí mẹkáníìkì bá ra pitman arm gígùn, apá tó jáde lára àpótí sítíárìn tó ń ti drag link, láti sọ drag link wálẹ̀, tí kò sì sọ panhard wálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀, gbogbo ihò á máa yí táyà. Fún 2 ínṣì ẹ ò tiẹ̀ nílò pitman arm. Tí iwájú bá sì ń gbọ̀n gìrìgìrì tó ń já sítíárìn gbà lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta steering damper, ṣọ́ọ̀kù kékeré ti sítíárìn, fún yín kí wọ́n ní ó ti tán. Bọ́ṣì panhard, tie rod, bẹ́rìn inú knuckle, baláǹsì táyà, ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni. Damper kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ̀yìn

Ẹ̀yìn rọrùn, torí náà ni wọ́n ṣe ń gbàgbé nǹkan níbẹ̀. Spíríǹgì tẹ́ ẹ máa rà, ẹ rà á gẹ́gẹ́ bí ẹrù yín. Ẹni tó ń kó iṣu àti kajú látoko lójoojúmọ́ nílò èyí tó le, àmọ́ ẹni tó kàn ń gbé ìyàwó àti ọmọ lọ sí Mọ̀pà tàbí Ìsánlú lópin ọ̀sẹ̀, èyí tó le á máa fò lórí ọ̀nà amọ̀, táyà tó ń fò kò di ilẹ̀ mú.

Ẹ wo fááfù tó ń pín bíréèkì ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ Toyota ló ní in, ọ̀pá kékeré kan so ó mọ́ axle. Tí ẹ̀yìn bá ga, fááfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á dín bíréèkì ẹ̀yìn kù, gbogbo iṣẹ́ á wá bọ́ sọ́rùn iwájú. Ẹ fi irin kékeré gbé ọ̀pá yẹn ga tó iye tẹ́ ẹ gbé ọkọ̀. Ẹ tún jẹ́ kí axle rọ̀ sílẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ wo hósì bíréèkì: tó bá na tan-tan, hósì gígùn lẹ nílò, ẹ má ṣe ìdàrúdàpọ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Hósì tó ń mí fún dífáránṣà náà, ẹ fà á gùn lọ sókè, torí tí dífáránṣà gbígbóná bá wọ odò tútù, omi ló máa fà sínú. Tí propeller, ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí dífáránṣà, bá ń gbọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́, igun orí dífáránṣà ni kẹ́ ẹ wò. Panhard ẹ̀yìn 4Runner àti Prado náà ń sún axle, ẹ wọn ọ́n lápá méjèèjì.

Alaìnmẹ́ńtì

Okùn àti ojú ò lè wọn caster. Ẹ lọ síbi tó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tí kò bá sí nítòsí yín, Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, kí wọ́n sì tẹ ìwé ẹ̀ fún yín, ti kó tó ṣe é àti lẹ́yìn tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń tún toe, ìyẹn bí imú táyà ṣe kọjú sínú tàbí síta, nìkan ṣe, wọ́n á ní ó ti tán. Ẹ sọ fún wọn pé caster lẹ wá ṣe. Lára 4Runner àti Prado, bọ́ọ̀tì méjì tó ń sún apá tẹ́ ẹ bá yí wọn ló wà lábẹ́ apá ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìyẹn, wọ́n sì sábà máa ń dípẹtà, ẹ ti fi ọ́ìlì bò wọ́n láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Caster tó pọ̀ tó bó ṣe lè pọ̀ tó, bíi dígírì 2 sí 4, kí apá méjèèjì má jìnnà síra wọn ju ìdajì dígírì lọ, camber, ìyẹn bí orí táyà ṣe fì sínú tàbí síta, kó sún mọ́ òdo, toe kó wọlé díẹ̀ báyìí. Tí caster ò bá lè dé 2, tí bọ́ọ̀tì ti dé ìpẹ̀kun, ọkọ̀ yín ti ga jù fún apá tó ní: ẹ ra upper arm tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ wálẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó wọ ojú ọ̀dà

Ẹ kọ́kọ́ wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níbi tí kò sí ọkọ̀. Ní 40, ẹ yí sítíárìn díẹ̀ kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà fúnra ẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ fà sápá kan. Lẹ́yìn bíi 100 kìlómítà, ẹ padà fún gbogbo bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì táyà. Spíríǹgì tuntun á jókòó díẹ̀ sí i, torí náà ní bíi 500 kìlómítà ẹ wọn fẹ́ńdà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wo rọ́bà CV, kẹ́ ẹ tún alaìnmẹ́ńtì yẹ̀ wò.

Iná iwájú náà ti gòkè o, ó ti ń fọ́ ojú àwọn tó ń bọ̀. Ní alẹ́, ẹ dúró sí ilẹ̀ títẹ́jú tó fi bíi mítà 7 àtààbọ̀ jìnnà sí ògiri, ẹ tan low, ẹ wọn gíga iná láti ilẹ̀, kí orí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sára ògiri sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 wálẹ̀ ju gíga yẹn lọ. Skúrù tí wọ́n fi ń yí i wà lẹ́yìn iná.